Ibi Tí Florrie Fi Koríko Sí

Ẹ bá mi bi Batt Coughlan, ta ló sọ fún un pé apá ọmọ mi ti kú? Mo ń ti ibi tí mo ti lọ ra wàrà bọ̀ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń wí fún àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó fẹ̀yìn ti ògiri pé, "Dervla? Apá yẹn ti kú jàre. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Mo dúró. Mo ní, "Batt, apá tìrẹ ńkọ́? Ọdún wo lòun wà láàyè rí?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé wàrà mi, mo forí lé ilé. Bí mo ṣe wọ ilé ìdáná báyìí ni mo bú sẹ́kún, nítorí ká sọ tòótọ́, èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti na Dervla láti ìgbà tí òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò lè borí lójú títì fún ọdún méjì gbáko! Eré tiwa kò ní wàhálà nínú. Irin róbótó kan ni, kò tó ọsàn, ṣùgbọ́n ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Wọ́n máa ń jù ú lójú títì láti ilé wàrà títí dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí irin rẹ bá dúró sí, ibẹ̀ lo ti máa jù ú padà, ẹni tó bá sì fi ìjù tó kéré jù dé ṣọ́ọ̀ṣì ló borí; bí ìjù bá dọ́gba, ẹni tí irin rẹ̀ bá kọjá géètì jù ló ni ín. Ohun tó le níbẹ̀ ni títì fúnra rẹ̀, nítorí kò sí títì kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tó gún, kò sì sí èyí tó tẹ́jú.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń jù fi gbọ́dọ̀ ní afọ̀nàhàn. Afọ̀nàhàn á já koríko díẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á lọ fi lé ojú títì níbi tó bá fẹ́ kí irin gbà, á wá ya ẹsẹ̀ méjèèjì dúró sórí rẹ̀ kí irin lè gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń jù kì í wo títì. Koríko ló máa wò. Bàbá mi, Thade Hurley, tí gbogbo ayé mọ̀ nínú eré yìí, máa ń sọ pé ẹni tó bá ń wo koríko tó tún ń wo títì, inú kòtò ló máa jù sí. Afọ̀nàhàn ló ní ojú, ìwọ apá lásán lo ní. Wọn kì í bá afọ̀nàhàn jiyàn níbí.

Florrie ọkọ mi ni afọ̀nàhàn Dervla láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ó ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí, eyín àwọn èèyàn ló ń tọ́jú nílùú Cork. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí eré bá wà ló máa ń wálé. Tí kò bá sí eré, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè kọjá ká má fojú kàn án. Mi ò bá a wí. Kí ni ọ̀dọ́ fẹ́ wá ṣe nílé arúgbó méjì tó jókòó tí wọ́n ń wo òjò?

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe sí apá yẹn ló ṣe. Ó lọ bá obìnrin kan tó ń fọwọ́ ra iṣan, ìyẹn ní èjìká rẹ̀ ló le. Ó lọ bá ọ̀mọ̀wé kan tó ní inú orí ni ìjákulẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pé kó máa dijú kó máa rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń borí. Ó dijú. Wọ́n tún nà án. Batt ní bàtà rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Florrie obìnrin ní omi ìyàsímímọ́ ló máa wò ó sàn, ó wọ́n ọn sí i lára títí òtútù fi mú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ̀nba ohun tí mo lè ṣe kò ju kí n máa gbọ́ ìròyìn lọ, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí mi lọ́dún tó kọjá, mi ò tíì dé ibi eré kankan.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú àṣekágbá, Dervla wálé láti wá gbára dì. Clodagh, ọmọbìnrin kan láti òdìkejì odò, ni wọ́n fẹ́ jọ díje. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, Dádì, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Tí Clodagh bá nà mí lọ́la, mo máa kó gbogbo irin yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ó ti sú mi."

Mo ní, "O ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú mi mọ́."

 Florrie kàn ń fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀dùnkún tó wà nínú abọ́ rẹ̀, kò gbé e dé ẹnu. Ara mi ò balẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì dìde lọ sí títì, mo mú ọ̀pá mi, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kí n padà sílé. Mo ní títì ìjọba ni.

Kọ̀rọ̀ tí títì ti yà sí ọ̀tún níwájú géètì àwọn aládùúgbò wa, àwọn Kearney, ni wọ́n lọ, níbi tí Dervla ti ń ṣòfò jù. Mo jókòó sórí ògiri, gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Florrie fi koríko sí. Dervla sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ju apá rẹ̀ yí po lókè, irin bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo rẹ̀ lójú ọ̀dà, ó gba àárín ẹsẹ̀ Florrie, ó fọ́n koríko náà ká, lẹ́yìn náà ló wá yà sí òsì, ó já sínú kòtò.

Florrie ní, "Ó ku díẹ̀!"

Dervla jù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọ́n koríko ká, ó já sí kòtò. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo di ògiri mú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́mọ yìí jù ú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni irin gba orí koríko, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan! Apá wo ló kú? Ta ló ní apá kú? Bàbá mi gan-an ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá wo títì. Nígbà Àjíǹde ni wọ́n da ọ̀dà tuntun sí i. Nígbà àtijọ́, ibi tí Florrie fi koríko sí yìí ló dáa jù, títì á gba irin mọ́ra, á yí i sí ọ̀tún, á bá kọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ìhà ọ̀tún títì ga báyìí, ó wá dà gẹ̀rẹ́ sí òsì, ó ń ti irin dànù. Ẹni tó bá lójú ló yẹ kó rí i. Ó yẹ kí koríko sún ní ìgbésẹ̀ méjì.

Mo yí ojú sí Florrie. Ó lọ sí ibi òpó géètì, ó fọwọ́ kàn án. Ó wá ń bọ̀ lójú títì, ètè rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin yìí ń ka ẹsẹ̀! Ó ka mẹ́sàn-án, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi koríko sílẹ̀, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. 

Àwọn òǹwòran kò lè rí i. Ẹ̀yìn ẹni tó ń jù ni wọ́n máa ń wà, apá rẹ̀ ni wọ́n ń wò, tí irin bá yà, apá náà ni wọ́n ń bú. Ta ló fẹ́ fẹjọ́ sun Florrie? Ogójì ọdún ló ti ń já koríko.

Nígbà tí a délé, Dervla jáde lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Florrie jókòó nídìí tábìlì, ó ń bu bọ́tà sí búrẹ́dì. Mo dúró níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Baba Dervla, ìka mélòó ni mo nà sókè?"

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mẹ́ta ni."

Mo ní, "Ọwọ́ mi wà nínú àpò."

Ó gbé ọ̀bẹ bọ́tà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. 

Ó ní, "Láti Kérésìmesì ni. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń tẹ̀ lé e. Ó dà bíi kéèyàn máa wo ìta láti ojú fèrèsé tí ooru kẹ́tùlù ti bò."

"Ẹ sì ń jáde lọ fọ̀nà han ọmọ! Ṣé orí yín pé?"

"Nonie, mo mọ títì yẹn lórí. Tí mo bá ń sùn, mo lè fi í hàn án."

"Títì tí ẹ mọ̀ ti wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun! Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ yẹn máa lọ kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra iṣan, tó ń dijú, tó ń ṣí i. Ẹ tún jẹ́ kí Batt Coughlan máa fi apá rẹ̀ ṣẹ̀sín!"

Ó ní, "Tí n bá sọ fún un, á wá afọ̀nàhàn mìíràn ní Cork lọ́hùn-ún. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Kí ni á wá máa mú un wálé? Ọ̀dùnkún rẹ?"

Inú tó ń bí mi wá lọ síbi tí mi ò mọ̀. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo bá a bu bọ́tà sí búrẹ́dì, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ti fi pa tábìlì. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin òmùgọ̀ yìí, mi ò lè purọ́.

Mo ní, "Ẹ máa sọ fún un lọ́la kó tó jù ú lẹ́ẹ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa gun orí ògiri, mo máa pariwo rẹ̀ fún gbogbo ayé."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ó gbọ́, kò sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ilé wàrà lọ́jọ́ kejì, èrò ti kún bámúbámú, wọ́n ti ń jù. Mo ń wá ojú Florrie, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ó ń rí ẹyẹ. Mo payín keke. Clodagh ọmọ gíga yẹn ò ṣeré rárá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé agbedeméjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi odidi ìjù kan ṣáájú Dervla. Irin ọmọ mi ń gba orí koríko, ó ń lọ sí kòtò. Ó ń gba orí koríko, ó ń lọ sí kòtò. Batt ń mi orí bíi dókítà.

Dervla lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń gbọn apá rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan máa jábọ́ níbẹ̀. Mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà gun ògiri nígbà tí Florrie kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ. Ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Ó bọ́ fìlà.

Ó ní, "Dervla, apá rẹ kọ́. Ojú mi ni. Mi ò ríran láti Kérésìmesì. Mi ò rí títì, mi ò rí koríko, díẹ̀ báyìí ni mo ń rí ẹ. Má bínú sí mi."

Mo ń dúró de ariwo. Ká ní èmi ni, mi ò ní gbà.

Dervla ní, "Mo mọ̀, Dádì."

Èmi ni mo pariwo. "O mọ kí ni?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ojú ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé koríko ò sí níbi tó yẹ. Láti eré kejì ni mo ti rí i."

"O rí i, o sì ń jù ú sórí rẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ó fi apá aṣọ nu imú rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní, "Tó bá jẹ́ apá mi ló bàjẹ́, mo lè tún un ṣe. Tó bá jẹ́ Dádì ló ṣì í, wọ́n ti darúgbó nìyẹn. Mo wá ń sọ fún ara mi pé apá mi ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ Dádì."

Florrie fi fìlà bo ojú. Èmi náà ò ríran mọ́ ní tèmi, omi ti kún ojú mi. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara ẹni nìyí, ká jọ máa ju irin sí kòtò láti ìgbà tí òtútù ti lọ?

Adájọ́ eré pariwo pé kí a jọ̀ọ́ ká jù ú, pé àwọn màlúù fẹ́ gba títì kọjá.

Dervla dìde. "Ta ló máa fọ̀nà hàn mí?"

Florrie ní, "Ìyá rẹ. Ọmọ Thade Hurley ni, ó mọ títì jù mí lọ. Kò kàn sọ ọ́ fún mi rí nítorí ìwà pẹ̀lẹ́."

Mo ní, "Pẹ̀lú ìbàdí yìí?"

Ó ní, "Ìbàdí kọ́ la fi ń wo títì."

Dervla wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. "Mọ́mì wọ síkẹ́ẹ̀tì, ibo ni irin máa gbà? Dádì ló máa dúró. Ẹ̀yin ẹ kàn fi koríko sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Mo já koríko. Mo wo ọ̀dà tuntun yẹn dáadáa, ibi tó ga, ibi tó rì, mo fi koríko sí ibi tó yẹ, ó fi ìgbésẹ̀ méjì jìnnà sí ibi tí Florrie ì bá fi í sí. Mo di ìbàdí Florrie mú, mo ń tì í.

"Ẹ sún sí ọ̀tún. Ọ̀tún kọ́ nìyẹn, Baba Dervla! Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun. Ó tó. Ẹ yasẹ̀."

Ó yasẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé oṣù mẹ́fà ni ọkùnrin yìí ti ń dúró báyìí, tí irin tó lè fọ́ egungun ẹsẹ̀ ń bọ̀ tí kò rí i, tí kò sì yẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Ó ní, "Ọmọ mi kúkú ló ń jù ú."

Dervla sáré bọ̀. Apá náà yí po. Irin kọjá láàárín ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fọ́n koríko mi ká, títì gbà á mọ́ra, ó yí i sí ọ̀tún, ó bá kọ̀rọ̀ lọ títí a ò fi rí i mọ́. Èrò hó yèè. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń fò bí ewúrẹ́.

Batt ń ké pé, "Apá ti jí! Apá ti jí o!"

Mo ní, "Kò sùn rí, òpònú!"

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ìjù kan tí Dervla ṣì. Bí mo ṣe ń rọ́jú lọ pẹ̀lú ọ̀pá mi ni mo ń já koríko, mo ń ti ọkọ mi sọ́tùn-ún sósì, Dervla ń lé Clodagh bọ̀. Ká ní géètì ṣọ́ọ̀ṣì tún fi ogún ẹsẹ̀ jìnnà sí i, à bá sọ ìtàn mìíràn. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni Clodagh fi borí.

Florrie ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Ìgbésẹ̀ mẹ́fà."

"Ta ló ni ín?"

"Clodagh ni."

Clodagh wá, ó gbá Dervla mọ́ra, ó ní àyà òun ò tíì já bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Dervla kó irin rẹ̀ sínú àpò. Ó fẹnu ko àwa méjèèjì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé àpò náà sínú ọkọ̀, ó padà sí Cork. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó sọ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ò bi í. Ẹnu mi yìí, tí kì í gbé jẹ́ẹ́, ẹ̀rù bà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Nígbà tó di Sọ́ńdè, kò sí eré níbì kankan, òjò sì ń rọ̀ láti àárọ̀. Mo bó ọ̀dùnkún fún ẹni méjì. Florrie jókòó sí iwájú fèrèsé tí kò ti lè rí nǹkan kan, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó tó agogo méjìlá kó tó gbé orí sókè.

Ó ní, "Ọkọ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Ọkọ̀ Batt ni."

Ó ní, "Ọkọ̀ Batt kì í ya kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dervla wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ju àpò irin sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń wà láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irin dún gbì lórí ilẹ̀.

Ó ní, "Mo ti bá yín gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn ojú, Dádì. Ọjọ́bọ̀ ni. Èmi ni mo máa gbé yín lọ, ẹ má jiyàn."

Florrie ti dìde, ó ń nawọ́ sí ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kò sí eré lónìí."

Dervla ní, "Ta ló bi yín nípa eré? Ebi ń pa mí."

Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo mú ọ̀bẹ, mo tún bó ọ̀dùnkún mẹ́ta sí i.